Àwọn Alátìlẹ́yìn Inú Ìfun Ìyá Mi

Mò ń fi síìpù sí ẹ̀yìn yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé kan nígbà tí fóònù mi dún. Àwọn iléèwé fẹ́ wọlé, ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àfà sì kún fún aṣọ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Nọ́ọ̀sì ọsibítù ni. Ó ní èsì àyẹ̀wò màmá mi ti jáde, pé dókítà fẹ́ rí mi lọ́la.

Mo ní, "Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà o?"

Ó ní, "Ẹ ṣáà máa bọ̀, mà. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ má dá wá."

Ẹni tó bá ní kí o má dá wá ti sọ èyí tó kù fún ọ. Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń rán aṣọ mi lọ. Ìgbà tí mo yọ yunifọ́ọ̀mù náà lábẹ́ máṣíìnì ni mo rí i pé láínì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú rẹ̀, nìkan ni mo rán síìpù mọ́. Aṣọ gangan wà lọ́tọ̀, ó ń fì. Mo mú bíléèdì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bí mo ṣe ń tú u ni omi ojú mi ń kán sórí rẹ̀.

Ọmọ mi ni màmá mi wá bá mi wẹ̀ láti ìlú wa lápá Ọ̀yọ́, kò sì padà lọ mọ́. Ọmọ ọwọ́ ìgbà náà ti wọ iléèwé báyìí. Yàrá méjì la háyà ní Ìsọlọ̀, nínú ilé tí àwọn yàrá ti dojú kọra wọn, tí ẹni tó bá sín nínú yàrá kan, ará yàrá kejì á ní "pẹ̀lẹ́ o". Bàálù tó bá fẹ́ balẹ̀ máa ń fò kọjá lórí òrùlé wa. A ó dákẹ́ títí yóò fi kọjá, a ó sì mú ọ̀rọ̀ wa níbi tí a ti fi í sílẹ̀.

Nígbà tí màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, èmi kọ́ ló sọ fún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ló sọ fún, opó kan tó ń ta àgbo ládùúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Alágbo. Àwọn méjèèjì jọ ń kírun, wọ́n jọ ń jókòó síta nírọ̀lẹ́, wọ́n jọ ń bú àwọn tó ń da omi ọṣẹ sójú ọ̀nà. Ìyá Alágbo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni."

Ta ló máa jiyàn? Ta ni nínú wa tí wọn ò ti sọ fún láti kékeré pé ohun dídùn ní ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, ohun kíkorò ní ń lé e? Gbogbo ilé dìde sí i. Ìyàwó kan tó ń gbé ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ń gbo omi ewúro wá láràárọ̀. Ìyá Alágbo ń se àgbo tirẹ̀ nínú ìkòkò dúdú, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ó sì ń dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí yóò fi mu ún tán. Wọ́n fòfin de ṣúgà. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí màmá mi fẹ́ràn bíi gàrí, ṣúgà àti omi tútù lọ́sàn-án. Bó bá ti gbé abọ́ gàrí síwájú, ojú gbogbo ilé á wà lára rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń rò mọ́ gàrí yẹn?"

"Omi ni, omi! Ẹ wá tọ́ ọ wò, ẹ̀yin aṣọ́bodè!"

Èmi náà gun àga, mo gbé ike ṣúgà wa lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè nà dé.

Lójú wa, àgbo náà ń ṣiṣẹ́. Bó bá mu ún, á yàgbẹ́, ikùn á fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó bá tún yọjú, a ó ní ó ti lọ jẹ ohun dídùn kan ní kọ̀rọ̀ ni.

Aṣọ ló fi hàn mí. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gun ìwọ̀n, téèpù ni èmi fi ń wo ènìyàn. Mo gba bùbá rẹ̀ wọlé fún ọdún Iléyá, nítorí ó ti fẹ̀ jù ú lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n bá òun gbà á wọlé sí i. Mo na téèpù yí i ká, mo wo ibi tí ó dé, mo wo egungun ọrùn rẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ọsibítù là ń lọ." Wọ́n ki ohun gígùn kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ìdí rẹ̀ wọlé, wọ́n rí kókó kan nínú ìfun ńlá, wọ́n já díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Èsì rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń pè mí sí.

Èmi àti ọkọ mi la lọ. Obìnrin ni dókítà náà, ó jọ pé mo fi díẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní wọn ò tíì rí i níbòmíràn nínú ara rẹ̀, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi falẹ̀: iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò kó tó rìn lọ síbòmíràn. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ló wà, nítòsí ìdí, wọ́n á fa ẹnu ìfun jáde láti ikùn, ìgbẹ́ á máa bọ́ sínú àpò kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bóyá fún ìgbà díẹ̀, bóyá títí lọ. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Èmi ń wo bọ́tìnnì kan tó fẹ́ já lára kóòtù dókítà, mo kàn ń rò ó pé ó yẹ kí ẹnì kan bá a rán an.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Alágbo wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sẹ́ àgbo. Ìbínú tí mi ò lè bá dókítà bí, tí mi ò tó láti bá Ọlọ́run bí, orí rẹ̀ ni mo da gbogbo rẹ̀ lé.

"Ẹ gbé e kúrò! Ẹ̀yin lẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni! Jẹjẹrẹ ni o, jẹjẹrẹ! Gbogbo ohun tí ẹ ń fún un yẹn, àìsàn yẹn lẹ fi ń bọ́!"

Asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, kí lo ń sọ?"

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín. Ẹ má sì wọ yàrá wa mọ́."

Àwọn ará ilé yọjú. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ife kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé òun ni mò ń pariwo mọ́. Ìyá Alágbo gbé ìgò rẹ̀, ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Bí màmá mi ṣe mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe òun nìyẹn. Ó wà nínú yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó jẹ́ kí n jókòó, ó ní kí n sọ èyí tó kù. Ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ àpò ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ìgbẹ́ máa gba ikùn mi jáde? Báwo ni màá ṣe kírun? Ta ni yóò dúró tì mí lórí ẹní? Mi ò ṣe."

"Mọ́mì, tí ẹ ò bá ṣe é, yóò rìn."

"Kó máa rìn. Èmi náà ti rìn ìrìn tèmi láyé."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ mi bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn mo tàn án dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ní kó kàn lọ béèrè ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Ó sì ní ìbéèrè lóòótọ́.

"Dókítà mi, ṣé ẹ ò lè kàn ha ibi tí kò dáa yẹn kúrò, kí ẹ fi ìfun mi sílẹ̀ fún mi?"

Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. "Màmá, tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ ni, ìbá rọrùn. Kò dá wà."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ní sẹ́ẹ̀lì la fi kọ́ ara ènìyàn, àwọn ohun tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Nínú ìfun, àwọn kan wà lójú ibẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ, tí wọ́n ń gba omi àti oúnjẹ wọlé sára. Àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn wọn tó ń gbé wọn ró. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n di ibẹ̀ mú kó má ya, kí wọ́n sì máa sọ fún àwọn tó wà níwájú ìgbà tó yẹ kí wọ́n pọ̀ sí i àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Mo mọ irú wọn. Láínì inú aṣọ ni.

"Bí ọgbẹ́ bá dé," dókítà ní, "àwọn alátìlẹ́yìn yìí á jí. Wọ́n á hun okùn tín-ín-rín, wọ́n á fa ẹnu ọgbẹ́ pọ̀, wọ́n á pe ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀. Tó bá ti jinná, wọ́n á padà lọ sùn. Bírikìlà ni wọ́n, màmá. Ògiri sán, ẹ pè wọ́n, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n gba ilé wọn lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n," màmá mi ní.

"Jẹjẹrẹ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún wọn pé ọgbẹ́ ò tíì jinná o. Wọ́n sì gbà á gbọ́. Wọn ò lọ sílé mọ́. Wọ́n ń po sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, wọ́n ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fún un. Wọ́n tún ń mọ odi yí i ká, tí àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó wá pa á ò fi ráyè wọlé. Líle tí kókó yẹn le, òun nìkan kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gé òun nìkan. A máa ń gé àyíká rẹ̀ mọ́ ọn."

Màmá mi ronú. "Àwọn tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ọ̀tá ni wọ́n àbí ọ̀rẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, màmá. Wọ́n ṣì rò pé ọgbẹ́ làwọn ń wò."

Ọkàn mi lọ sílé. Mo rí ìgò àgbo, mo rí omi ewúro, mo rí ara mi lórí àga, tí mò ń gbé ṣúgà pamọ́ fún ìyá tó bí mi.

Èmi náà béèrè tèmi. Mo ní, kí ló dé tí wọn ò wá oògùn tí yóò pa gbogbo àwọn alátìlẹ́yìn yẹn dànù, kí ebi pa jẹjẹrẹ náà kú? Ó ní àwọn tó ń ṣèwádìí ti rò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti dán an wò lára eku. Nígbà mìíràn, bí wọ́n ṣe pa wọ́n tán, ńṣe ni jẹjẹrẹ náà túbọ̀ le sí i, nítorí pé àwọn kan wà lára wọn tó jẹ́ pé àwọn ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ó ní wọn ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń wá báyìí ni bí wọ́n ṣe máa dá wọn padà sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, dípò kí wọ́n lé gbogbo wọn.

Màmá mi dúpẹ́. Ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún dókítà lọ́kọ rere. Dókítà ní òun ti lọ́kọ. Màmá mi ní kí Ọlọ́run sọ ọ́ di rere. A rẹ́rìn-ín dé ìta, àfi bó ṣe dúró, tó ní, "Mo ti gbọ́ àlàyé. Mi ò ṣe."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wa padà. Ìgbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ló ní, "Láti ìjẹta, mi ò gbọ́ kí ọ̀rẹ́ mi kí mi. Ẹni tí ìbá bá mi rò ó, ìwọ lo lé e." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè rán nǹkan kan. Mo rántí gáùn kan tí láínì rẹ̀ ń fà á nígbà kan rí. Inú bí mi, mo ya láínì náà dànù pátá. Gáùn náà ò jókòó lára oníbàárà mi mọ́, ó ń rọ̀ bí àpò gàrí òfìfo. Ṣebí ńṣe ló yẹ kí n tú u, kí n dẹ̀ ẹ́, kí n dá a padà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Alágbo, mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi wo? Ṣé ọmọ mi ni, àbí èyí tó ní òun kì í ṣe ọmọ mi?"

"Ẹ máà bínú, mà."

"Ṣé ìjọba ti ṣí yàrá yín padà ni?"

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín àti ẹkún já mọ́ra wọn lẹ́nu mi. Ó ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó fà mí dìde.

"Mo ti ń ta àgbo kí wọ́n tó bí ọ. Jẹ̀díjẹ̀dí ni mo mọ̀ ọ́n sí, òun náà ni ìyá mi mọ̀ ọ́n sí. Tí mo bá mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni, ṣé màá fi ṣeré? Ọ̀rẹ́ mi ni o!"

"Mo mọ̀, mà. Kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní pẹ̀lú àpò lára, òun ò ní lè kírun."

Ó wò mí. "Ìyẹn ló ń dà á láàmú?" Ó fa ìborùn rẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ, ó di ọ̀dọ̀ àfáà.

Nígbà tó dé, kò kanlẹ̀kùn, ó wọ yàrá màmá mi lọ tààrà. Èmi dúró sí kọ́ríídọ̀, mò ń tẹ́tí.

"Àfáà ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ò lè dá nǹkan dúró, Ọlọ́run mọ̀. Bí àkókò ìrun bá ti wọlé, o ó tún ara rẹ ṣe, o ó ṣe àlùwàlá tuntun, o ó kírun rẹ. Ó tán."

"Òórùn ńkọ́?"

"Òórùn wo? Ìwọ tí o ti ń gbóòórùn àgbo lára mi láti ọjọ́ yìí, ṣé o kú?"

"Wọ́n ní ó máa ń dún. Tí a bá wà lórí ìrun, tó wá dún ńkọ́?"

"Màá ní èmi ni mo só."

Bàálù kan kọjá lórí ilé, ó bo ohun tí màmá mi fèsì mọ́lẹ̀. Nígbà tó kọjá tán, ẹ̀rín àwọn méjèèjì ni mo gbọ́, irú ẹ̀rín àgbàlagbà tó máa ń parí sí ikọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Alágbo wálẹ̀.

"Ohun tí mi ò mọ̀ ni mo fún ọ. O mu ún nítorí pé èmi ni. Nítorí èmi yìí kan náà, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n gé e."

Mo túbọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé bàálù mìíràn yóò kọjá, kò kọjá.

"Ìwọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà lẹ́nu ọ̀nà," màmá mi ké sí mi, "pe dókítà rẹ."

Wọ́n ṣe é. Wọ́n gé kókó náà tòun ti àyíká rẹ̀. Dókítà ní etí ibi tí wọ́n ti gé e ti mọ́, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, pé oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ló kù. Mi ò ní parọ́ pé ó ti tán. A ṣì ń lọ, a ṣì ń bọ̀. Màmá mi ń pe àpò náà ní ọmọ ọwọ́ òun, nítorí pé kò mọ àkókò. Mo rán ọ̀já kan tó ní láínì rírọ̀ fún un, tó ń lò lábẹ́ ìró. Ìyá Alágbo ló ń dúró tì í lórí ẹní. Ó ṣì ń ta àgbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún un, kì í ṣí ìgò mọ́. Ó máa ń ní kó lọ jẹ́ kí wọ́n wo inú rẹ̀ ná, àwọn kan sì ń bínú lọ sọ́dọ̀ alágbo mìíràn.

Ọmọ mi nìkan ni kò sún mọ́ ìyá àgbà rẹ̀ nígbà tó ti ọsibítù dé. Ọmọ tí kì í sùn níbòmíràn bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Mo rò pé àpò náà ló ń bà á lẹ́rù. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé e lé itan.

"Kí ló dé?"

Ó fi ojú pamọ́ sí àyà mi. "Mọ́mì, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń gun àga bá Ìyá Àgbà mú ṣúgà tí ẹ bá ti lọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n má sọ. Ẹ sì ní ohun tí wọ́n ń fún Ìyá Àgbà ló ń bọ́ àìsàn yẹn."

Ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pariwo wá sí mi lọ́kàn: ṣúgà Ìyá Àgbà ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí màmá mi fi wà lọ́sibítù, ohun tí ọmọ yìí ń dá gbé kiri nìyẹn.

Mo ní, "Ṣúgà kọ́. Àgbo náà ò fà á, ó kàn jẹ́ ká pẹ́ ká tó mọ̀ ni. Nǹkan kan ló bàjẹ́ nínú ikùn Ìyá Àgbà, ó wá ń tan àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ jẹ, inú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò dé. Ìwọ kọ́. O ràn wọ́n lọ́wọ́ nítorí pé o fẹ́ràn wọn. Máa ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí o ran òun lọ́wọ́ kí o má sọ, ì báà jẹ́ Ìyá Àgbà, wá sọ fún mi. Ṣé o gbọ́? Ó yá, nu ojú rẹ. Ike ṣúgà wà lórí tábìlì, mo ti gbé e wálẹ̀. Dókítà ní wọ́n lè jẹ díẹ̀. Bu ṣíbí kan sínú gàrí wọn, kí o sì gbé e gba ojú gbogbo ará ilé kọjá."